Ogún Ọmọdé Kì Í Ṣeré Fún Ogún Ọdún: Ǹjẹ́ Ìjọba Lè Bá Ìjọba Ṣọ̀rẹ́?

Lọ́dọọdún tí àwọn olóòtú ìwé yìí bá ní kí a kọ nǹkan, ọ̀rọ̀ àṣà tàbí ti ọmọ títọ́ ni a máa ń mú wá. Èyí tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè jọ ọ̀rọ̀ òṣèlú létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ inú ilé wa ni.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìpínlẹ̀ tó ń bá ìpínlẹ̀ mìíràn dọ́rẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Gómìnà méjì yóò jókòó sídìí tábìlì kan, àsíá á wà lẹ́yìn wọn, wọn á fọwọ́ sí ìwé, wọn á pààrọ̀ fáìlì, wọn á bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn á sì kéde pé láti òní lọ, ìpínlẹ̀ àwọn méjèèjì ti di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Àwa tí a ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba láti ìgbà tí a ti gba dípúlọ́mà wa jáde ní pólì, a mọ ibi tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ máa ń sùn sí. A ti gbọn eruku kúrò lára wọn rí. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, bẹ́ẹ̀ gómìnà kò lè lò ju ọdún mẹ́jọ lọ lórí àga. Ta ni ó wá ń ṣọ̀rẹ́ gan-an? Ṣé ìjọba ní ọkàn tí ó lè fi rántí oore ni? Bí ó bá sì jẹ́ pé èrè ni ìkíní ń wá lára ìkejì, ṣé ó tọ́ kí a pè é ní ọ̀rẹ́?

Kí a tó dé ilé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀nà jíjìn, nítorí ìtàn kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ bá òwe àwọn àgbà jiyàn. Ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ọdún 1959, ìjì líle jà lẹ́ẹ̀mejì ní agbègbè Yamanashi ní ilẹ̀ Japan. Agbègbè olókè ni, àgbẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Ilé wó, omi gbé oko lọ, ẹran ọ̀sìn ṣègbé. Ní àkókò yìí, sójà òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan ń ṣiṣẹ́ ní Tokyo, Richard Thomas ni orúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ Iowa ni. Iowa sì rèé, àgbàdo àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń yangàn láàárín àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. (Kí àwọn Mùsùlùmí inú wa forí jì wá. Bí ìtàn ṣe rí ni a ń sọ ọ́, a kò lè sọ ẹlẹ́dẹ̀ di àgùntàn.) Ọkùnrin yìí ló dá a lábàá pé kí àwọn ará ilé òun fi ẹlẹ́dẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ tí ìjì ba oko wọn jẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1960, ọkọ̀ òfurufú àwọn ológun gbé ẹlẹ́dẹ̀ bíi 35 láti Iowa lọ sí Japan, àgbàdo tí wọn yóò máa jẹ sì tẹ̀lé wọn. Kì í ṣe ẹran tí wọn yóò pa jẹ ní ọjọ́ kejì, ẹran tí yóò bímọ ni. Wọ́n ní láàárín ọdún mẹ́sàn-án, àwọn tó ti ìran ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀nyẹn jáde ní Japan ti tó ìdajì mílíọ̀nù.

Ọdún 1960 yẹn náà ni Iowa àti Yamanashi di ìpínlẹ̀ ọmọ ìyá. Àwọn ni ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà àti agbègbè Japan àkọ́kọ́ tí yóò ṣe irú rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ọdún 1945 ni ogun ńlá tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fi ń pa ara wọn parí, kò ju ọdún 15 lọ. Ẹni tí bọ́ǹbù pa ẹbí rẹ̀ ṣì wà láyé, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò ti ojú ogun bọ̀ náà ṣì wà láyé. Ní 1962, Yamanashi fi agogo ńlá kan ránṣẹ́ sí Iowa pẹ̀lú ilé tí wọn yóò gbé e kọ́ sí, ó sì wà ní àgbàlá ilé ìjọba ní Des Moines títí di òní. Ó wá di ọdún 1993. Odò Mississippi àti àwọn odò kéékèèké kún àkúnya, omi bo oko àti ìlú ní Iowa. Àwọn ará Yamanashi dá owó jọ, wọ́n fi ránṣẹ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn gómìnà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lórí oyè tipẹ́.

Èyí yà wá lẹ́nu, a sì rò ó títí. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kọ́ ló rántí, ìwé kì í rántí nǹkan kan. Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé ohun tí wọ́n fún ara wọn kò tán ní ọjọ́ kan. Àgbẹ̀ tó ń bọ́ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ láàárọ̀ kò ní ṣàì rántí ibi tí ìyá rẹ̀ ti wá. Ohun kejì ló gbà wá lọ́kàn jù. Àlejò ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Iowa, tí ara rẹ̀ wà ní Japan, òun ni ẹkún ìhín dùn, tí ó sì mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn lọ́hùn-ún. Kì í ṣe gómìnà, kì í ṣe mínísítà. Sójà lásán ni, ọmọ àjò bíi tiwa.

A kò ní fi dídùn nìkan sọ ọ́. Iowa yìí kan náà bá agbègbè Hebei ní ilẹ̀ Ṣáínà dọ́rẹ̀ẹ́ ní 1983. Ní 1985, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan láti Hebei wá wo iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Iowa, wọ́n sì fún un ní yàrá nínú ilé ẹnìkan ní ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Muscatine. Xi Jinping ni òṣìṣẹ́ náà. Nígbà tí ó padà wá ní 2012, ó ti di igbákejì ààrẹ ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì ní kí wọ́n mú òun padà lọ bá àwọn tí òun mọ̀ ní Muscatine. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí Amẹ́ríkà àti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ ìjà owó orí ọjà ní 2018, ẹ̀wà sóyà àwọn àgbẹ̀ Iowa wà lára ohun tí Ṣáínà gbé owó orí lé. Tíì tí wọ́n jọ mu ní Muscatine kò dá a dúró. Ọ̀rẹ́ ìpínlẹ̀ kò lè ṣe ju agbára ìpínlẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Níhìn-ín, àwọn tálákà ti ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ láti òkè Ọya dé ìsàlẹ̀ kí gómìnà kankan tó wà. Nígbà tí ojú irin dé Kánò ní 1912, obì gbànja láti ìsàlẹ̀ ń wọ ọkọ̀ lọ sókè, àwọn oníṣòwò Hausa sì ń sọ̀kalẹ̀ wá sí Agége, Ṣàgámù àti Ìbàdàn láti rà á. Ibẹ̀ ni Sábó ti rinlẹ̀ ní ìlú wa, bí Sabon Gari náà ti rinlẹ̀ ní ìlú wọn tí àwa ń gbé. Màlúù, àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti tòmátì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀yà ọkọ̀, aṣọ àti àwa fúnra wa ń gòkè. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ síwèé.

Àdéhùn ìjọba tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Èkó àti Kebbi. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, Gómìnà Akínwùnmí Ambode ti Èkó àti Gómìnà Atiku Bagudu ti Kebbi fọwọ́ sí àdéhùn lórí ohun ọ̀gbìn, ìrẹsì ni ó sì ṣáájú. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Èkó ni ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù lọ ní Nàìjíríà, ẹnu tó ń jẹun níbẹ̀ kò sì lóǹkà. Ilẹ̀ Kebbi fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti Èkó, fàdámà rẹ̀ ní ẹ̀bá odò Rima àti odò Ọya sì dára fún ìrẹsì. Ó di oṣù kejìlá ọdún náà, ìrẹsì jáde. Wọ́n pè é ní LAKE Rice, wọ́n mú LA nínú orúkọ Èkó lédè òyìnbó, wọ́n mú KE nínú Kebbi. ₦12,000 ni wọ́n ń ta àpò 50 kílò, nígbà tí ti ọjà òde ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ní Agége tò sórí ìlà láti ìdájí kí ó tó rí tirẹ̀ rà. Ó pè wá lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Àbúrò, ṣé àwọn ará ọ̀dọ̀ yín lókè níbẹ̀ ló gbin ìrẹsì yìí? Ẹ bá wa kí wọn o." Ẹ̀gbọ́n wa yìí kò kí ẹnikẹ́ni lókè Ọya rí láti ọjọ́ tí a ti kó wá síbí. Ẹ̀rù àwọn ará ibí ló máa ń bà á nítorí tiwa.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ owó ni, kì í ṣe ọ̀rẹ́. A kò gbà pẹ̀lú wọn. Ọjà kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ìyá wa ta ọjà fún ogójì ọdún, àwọn ọ̀rẹ́ tó sin ín nígbà tí ó kú, oníbàárà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tó ya oníbàárà sọ́tọ̀ sí ọ̀rẹ́ kò sí nínú owó tí ó ń san, ọjọ́ tí kò rí ọ lọ́jà la fi ń mọ̀ ọ́n. Oníbàárà á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ọ̀rẹ́ á béèrè pé, "Kí ló dé tí ìyá náà kò jáde lónìí?" Nígbà tí Ambode kúrò lórí àga ní 2019, LAKE Rice bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀wọ́n. Èkó kọ́ ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tirẹ̀ sí Ìmọ̀ta, wọ́n ṣí i ní oṣù kìíní 2023, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ilé iṣẹ́ tó tóbi tó yẹn kò lè rí ìrẹsì inú èèpo tó láìjẹ́ pé ó na ọwọ́ sí àwọn ìpínlẹ̀ tó ní ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Agége béèrè pé, "Àwọn àgbẹ̀ Kebbi yẹn ńkọ́, ta ni wọ́n ń tà fún báyìí?" Ẹ̀gbọ́n wa náà kò béèrè. Àwa náà kò rán an létí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò rọrùn láti kọ. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn láàárín Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ìsọ̀ jóná. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹ mọ bí oorun ti rí. Àdúgbò wa kan náà ni Alhaji kan tó ń ta àlùbọ́sà ń gbé. Ó ti gbé Ṣáṣá fún ọdún mọ́kànlá nígbà èwe rẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa lọ, ojú ń tì wá láti sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Ṣáṣá ní ọjọ́ náà, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Lẹ́yìn ìrun alẹ́, Alhaji kan ilẹ̀kùn wa. Kò jókòó. Ó ní, "Baba Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe àwọn èèyàn yín." A pe àbúrò wa tó ń gbé ní Òjọ́ọ̀. Kí a má parọ́, àbúrò wa kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀. Ó ní iná ń jó, ó ní kí a jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá ọmọ náà lọ, ó sì rí i nínú yàrá ẹ̀yìn nílé ìyá arúgbó Yorùbá kan tó jẹ́ onílé rẹ̀. Ìyá náà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kò sí ẹnìkan nínú ilé òun.

Níhìn-ín, a kò pe ẹnikẹ́ni kí ó wá ṣọ́ wa. Ṣùgbọ́n ní òru mẹ́ta tó tẹ̀lé e, Alhaji gbé ẹní rẹ̀ wá sí iwájú ilé wa, ó ní ooru ń mú òun nílé tòun. Oṣù kejì ni o, nígbà tí ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, àwọn gómìnà mẹ́rin láti òkè Ọya dé Ìbàdàn, ti Kánò, ti Kebbi, ti Niger àti ti Zamfara. Àwọn àti Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti Ọ̀yọ́ àti Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Òǹdó jọ wọ ọjà Ṣáṣá, wọ́n sì bẹ ìhà méjèèjì. A gbóríyìn fún wọn. Gómìnà Bagudu tó fọwọ́ sí ìwé ìrẹsì pẹ̀lú Èkó wà nínú wọn. Ṣé ìwé ọdún 2016 ló gbé e dé Ìbàdàn ni? A kò lè wọ inú ọkàn rẹ̀. Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá ti jókòó jẹun pẹ̀lú ẹni kan rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í wúwo láti lọ sí ìlú ẹni náà ní ọjọ́ búburú. Bí àdéhùn kò bá ṣe ju èyí lọ, ó ti ṣe nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò tó. Kí oṣù náà tó parí, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ dúró, wọn kò jẹ́ kí ẹrù sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Tòmátì ń jẹrà níhìn-ín, ó ń wọ́n bí ojú lọ́hùn-ún. Àwa tí a wà láàárín, ìhà méjèèjì ni a ti ń gba fóònù èébú.

Nígbà tí àwọn gómìnà bá ń tẹ ọwọ́ bọ̀wé, ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti màlúù, ọ̀nà àti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ ìkejì kì í sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn yìí ni ìrántí tí ìjọba kò ní. Àwa ni a mọ orúkọ àgbẹ̀ tó gbin ìrẹsì, a sì mọ orúkọ ìyá tó jẹ ẹ́. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ìpín kẹẹ̀ẹ́dógún, ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀tọ́ kíkún láti gbé ní ibi gbogbo nínú rẹ̀. Kíkà rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n Orí Kejì ìwé òfin ni wọ́n kọ ọ́ sí, àwọn tó mọ òfin sì ń sọ fún wa pé a kò lè torí ohun tó wà ní Orí Kejì pe ìjọba lẹ́jọ́.

Bọ́lá, ọmọ wa, òkè Ọya ni a bí i sí. Nígbà tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó tọrọ owó ìrànwọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́. A kò ní dárúkọ ọ́fíìsì tàbí ìpínlẹ̀. Wọ́n ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú wá. Kò ní in. Wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kí ó lọ gba tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó wọkọ̀ lọ sílé. Níbẹ̀ wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, kí baálẹ̀ wá jẹ́rìí sí i. Baálẹ̀ tó mọ̀ wá ti papòdà. Akọ̀wé kan ní kí ó ka oríkì ilé wọn. Ọmọ náà kà á dópin, ṣùgbọ́n ohùn Hausa wà lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò tọrọ owó náà mọ́. Kò sì padà sílé láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ní kí ó bá wa lọ ọdún, á ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun.

Nítorí náà ni ẹgbẹ́ wa ṣe gbọ́dọ̀ kọ̀wé. Bí ìpínlẹ̀ wa kan nísàlẹ̀ àti ìpínlẹ̀ kan lókè bá tún fẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn, kí wọ́n pe àwọn ará Sábó àti àwọn ará Sabon Gari sí ìdí tábìlì náà, kì í ṣe láti wá jó níwájú àlejò bí wọ́n ti máa ń lò wá, bí kò ṣe láti sọ̀rọ̀. Kí wọ́n sì kọ gbólóhùn kan síbẹ̀ pé ọmọ tí a bí tí ó sì dàgbà ní ìpínlẹ̀ ìkíní, bó tilẹ̀ jẹ́ ìkejì ni bàbá rẹ̀ ti wá, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ni kí ó máa gbà pẹ̀lú ojúgbà rẹ̀. Kò ní ná wọn tó owó àsíá àti fọ́tò. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò fẹ́ kí a fa irú ọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n ní àlejò kì í béèrè ààyè jókòó lẹ́ẹ̀mejì. A bọ̀wọ̀ fún wọn. Àmọ́ ọgbọ̀n ọdún ti kọjá tí a ti jókòó.

Ọmọ Alhaji ṣì wà ní Ṣáṣá. Ó ti gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ sì bí ọmọkùnrin ní Ìbàdàn ní oṣù tó kọjá. Ìyá arúgbó onílé ni ó wẹ ọmọ náà fún ogójì ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì fún un ní orúkọ Yorùbá kan. Alhaji mú àlùbọ́sà apẹ̀rẹ̀ kan wá fún wa nítorí ìdùnnú. Bí a ti ń kí i kú oríire, ó yọ fóònù jáde, ó ní ọmọ òun ń ṣe ìwé fún ìkókó náà, ibi tí wọ́n ti béèrè ìpínlẹ̀ tí ó ti wá ló sì dá a dúró. "Baba Bọ́lá, ẹ̀yin ni ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Èwo ni kí wọ́n kọ?"

A kò tíì dá a lóhùn.